Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Fún Òdòdó Elégédé Lóyún

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ènìyàn gbin elégédé sí ẹ̀yìnkùlé, kí ìtàkùn rẹ̀ fà títí dé ìdí ògiri, kí ewé rẹ̀ gbòòrò, kí òdòdó rẹ̀ sì máa là láràárọ̀, síbẹ̀ kí ó má so ẹyọ kan. Ajílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré lọ rà nígbà náà. Èmi kò sọ pé ajílẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n bí èyí tó ń mú ewé yọ bá pọ̀ jù nídìí ìtàkùn, ńṣe ni yóò máa ta ewé kún ewé, tí èso yóò sì túbọ̀ pẹ́ kó tó dé. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni kí a jí ní kùtùkùtù, kí a bẹ̀rẹ̀ ti òdòdó náà, kí a sì wo inú rẹ̀ dáadáa, nítorí inú òdòdó ni ohun ọ̀gbìn ti ń lóyún, bí oyún kò bá sì dúró, èso kò lè wáyé.

Elégédé ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ àlàyé yìí, nítorí pé òdòdó rẹ̀ tóbi, akọ rẹ̀ sì yàtọ̀ gedegbe sí abo rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan yóò tètè lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára àgbàdo, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀pà, tí mo mẹ́nu bà nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá akọ àti abo mọ̀

Orí ìtàkùn kan náà ni akọ òdòdó àti abo òdòdó elégédé ti máa ń yọ, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Akọ ló máa ń ṣáájú, ó sì lè ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí ẹni tó bá rí i pé òdòdó àkọ́kọ́ ń rẹ̀ dànù má ṣe fòyà. Akọ ni wọ́n, kò sì sí èso kankan tí à bá retí lára wọn. Ìdí òdòdó, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá tó gbé e dúró, ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ọ̀pá náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, tó lọ tààrà dé ìdí òdòdó láìsí ohunkóhun láàárín, akọ ni. Bí ẹ bá rí elégédé kékeré kan, roboto, tó jókòó sábẹ́ òdòdó náà, tí ọ̀pá rẹ̀ sì kúrú tó ki, abo ni. Elégédé kékeré yìí ti wà níbẹ̀ kí òdòdó tó là, àwọn ẹyin tí yóò di kóró sì ti tò sínú rẹ̀. Lẹ́bú akọ, ìyẹn ohun kúnná bí ìyẹ̀fun tó máa ń wà nínú akọ òdòdó, ni wọ́n ń dúró dè.

Bí ẹ bá wá rọra ṣí ẹnu òdòdó náà, ìyàtọ̀ yóò túbọ̀ hàn. Nínú akọ, ọ̀pá kan ṣoṣo ló dúró sáàárín, lẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè sì bò ó. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kò sì ní gbọ̀n dànù bọ̀rọ̀. Nínú abo, orí ohun tó dúró sáàárín náà pín sí mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan sì tún là díẹ̀ sí méjì, ara rẹ̀ ń dán, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nítorí omi tó wà lára rẹ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an ni lẹ́bú gbọ́dọ̀ dé.

Lẹ́bú elégédé wúwo, ó sì máa ń lẹ̀ papọ̀, kò ṣeé gbé fún afẹ́fẹ́. Oyin ló ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó ṣe ń wá omi dídùn kiri nínú òdòdó, lẹ́bú akọ á lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀, bí ó bá sì kó sínú abo, díẹ̀ nínú rẹ̀ á kù síbẹ̀ láìjẹ́ pé oyin mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ni oyin ti pọ̀ tó. Àárín ìlú tí ilé ti fún mọ́ra wà níbẹ̀, oko tí wọ́n ti ń fín oògùn apakòkòrò láàárọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn ti gbọ́dọ̀ rọ́pò oyin, kì í sì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí wọ́n gbé ìtàkùn fàníla, tí èso rẹ̀ máa ń fún oúnjẹ ní òórùn dídùn, kúrò ní Mẹ́síkò lọ sí erékùṣù Réunion nínú Òkun Íńdíà, ó ń tanná níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í so, nítorí pé kòkòrò tó ń bá a ṣe iṣẹ́ yìí kò sí níbẹ̀. Ọmọdékùnrin ẹrú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edmond Albius, ọmọ ọdún 12, ló wá ọ̀nà tó rọrùn sí i ní ọdún 1841: ó fi igi tín-ín-rín ká awọ tó pààlà láàárín akọ àti abo inú òdòdó náà sókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ èkíní mọ́ èkejì. Ọ̀nà tí ọmọ yìí fi hàn ni àwọn tó ń gbin fàníla ṣì ń lò títí di òní.

Iṣẹ́ àárọ̀

Òdòdó elégédé kan kì í là ju àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Ìdájí ló máa ń là, kí oòrùn tó kan àtàrí ló sì ti máa ń pa dé, bó bá sì ti pa dé, kò tún là mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀ láàárín agogo mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí oòrùn bá ti mú, lẹ́bú yóò gbẹ, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ti rìn yí ìtàkùn náà ká ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Òdòdó tí yóò là lọ́jọ́ kejì ti máa ń wú, orí rẹ̀ á sì ti máa pọ́n, nígbà tí àwọn tó kù ṣì wà ní àwọ̀ ewé, nítorí náà ẹ ó ti mọ ibi tí abo wà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kò sì ní máa wá a kiri lábẹ́ ewé nígbà tí àkókò bá ń lọ.

Ẹ já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ fa gbogbo ewé òdòdó rẹ̀ ya, títí yóò fi ku ọ̀pá àárín tó ru lẹ́bú, kí ẹ sì di ìdí rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kejì ṣí ẹnu abo láì ya á, kí ẹ sì fi orí akọ ra gbogbo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú rẹ̀, ní yíyí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe ní gígún un. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ ó rí lẹ́bú náà níbi tó lẹ̀ mọ́. Akọ kan lè tó fún abo kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n bí akọ bá pọ̀, ó sàn kí ẹ lo méjì fún abo kan ju kí ẹ fi ọ̀kan ṣe mẹ́rin lọ. Àwọn kan fẹ́ràn búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn ayàwòrán ń lò. Ó wúlò níbi tí akọ kò bá pọ̀, tí ẹ kò sì fẹ́ já a, àmọ́ lẹ́bú púpọ̀ ló máa ń há sínú irun búrọ́ọ̀ṣì náà, èmi kò sì rí ohun tó fi dára ju akọ òdòdó fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́bú ni pé hóró lẹ́bú kan ṣoṣo kò lè bí ju kóró kan lọ. Nígbà tí hóró kan bá balẹ̀ sórí abo, yóò gba omi ara rẹ̀ sínú, yóò sì yọ ọ̀nà tín-ín-rín kan, bí òwú, tí yóò máa gùn wọ inú lọ títí yóò fi kan ẹyin kan nínú elégédé kékeré yẹn. Ohun méjì ni akọ fi rán an: ìkan yóò wọ inú ẹyin láti di ọmọ, èkejì yóò lọ di oúnjẹ tí ọmọ náà yóò máa jẹ. (Lára àgbàdo, oúnjẹ ọmọ yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń lọ̀ di ògì.) Bí kóró bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú elégédé ni ara rẹ̀ á máa wú sí i. Elégédé tó sanra lápá kan tó sì sún kì lápá kejì sábà máa ń jẹ́ èyí tí lẹ́bú kò kárí orí abo rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba tiwọn.

Òjò ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bí omi bá kan lẹ́bú, yóò bàjẹ́, kò ní wúlò mọ́. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lè já akọ tí yóò là lọ́jọ́ kejì, kí ẹ ki ọ̀pá rẹ̀ bọ inú ife omi nínú ilé, yóò là níbẹ̀ ní àárọ̀. Ẹ da ọ̀rá bo abo lórí ìtàkùn, kí ẹ sì ṣí i kúrò kété tí òjò bá dá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ so òwú aláwọ̀ kan mọ́ ọ̀pá abo náà láì fún un mọ́ra, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ fọwọ́ ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ó mọ èsì. Bí oyún bá dúró, elégédé kékeré náà á máa tóbi lójoojúmọ́, àwọ̀ rẹ̀ á máa dán, òdòdó tó ti rọ á sì gbẹ sí i lórí. Bí kò bá dúró, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti orí wá sí ìdí, yóò rọ̀, yóò sì já bọ́. Kí ẹ má ṣe tíì sọ pé ọwọ́ ayé ni o. Ó lè jẹ́ pé lẹ́bú kò tó, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé ìtàkùn náà ti ru èyí tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí ìtàkùn tó ti ní elégédé ńláńlá méjì tàbí mẹ́ta lọ́rùn sábà máa ń já àwọn tó tẹ̀ lé wọn sílẹ̀, bó ti wù kí ènìyàn fi lẹ́bú ra wọ́n tó.

Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé tó sì di dandan kí ẹ fín oògùn, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nígbà tí òdòdó ti pa dé tí oyin sì ti wálé. Ẹni tó bá fín in ní agogo méje àárọ̀ ti pa àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ láìgba owó.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ̀gúsí àti apálá ń gbà, àyàfi pé òdòdó tiwọn kéré, ó sì gba ojú tó mọ́lẹ̀ àti ọwọ́ tó rọ̀. Igbá tí a ń fi ṣe akèrègbè yàtọ̀ ní ti àkókò: funfun ni òdòdó rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń là, torí pé àfòpiná ló ń bẹ̀ ẹ́ wò lóru. Ẹni tó bá gbin igbá gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Àwọn tí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀

Àgbàdo kò nílò oyin rárá. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó yọ lórí rẹ̀ ni akọ, ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì sì ni abo, irun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ń gba lẹ́bú. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló so mọ́ kóró kan ṣoṣo. Bí lẹ́bú kò bá kan fọ́nrán kan, àyè kóró yẹn lára ọmọ àgbàdo yóò ṣófo, ohun tó sì ń fa àgbàdo tó ká léyín nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́bú yìí, ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré kò gbọ́dọ̀ gbin àgbàdo ní ẹsẹ̀ kan tó gùn lọ gbọọrọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó kúrú, tó sún mọ́ ara wọn, ló dára, kí ibi yòówù tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ wá, kí lẹ́bú lè bọ́ sórí irun aládùúgbò. Bí ìdí àgbàdo kò bá ju mélòó kan lọ lẹ́yìnkùlé, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ ní àárọ̀, ẹ tẹ ìrùkẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n sórí irun àwọn tó wà nítòsí, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tẹ̀léra, torí pé gbogbo irun kì í yọ tán lọ́jọ́ kan. Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu: bí àgbàdo funfun bá wà nítòsí àgbàdo pupa, ẹ ó rí kóró pupa kọ̀ọ̀kan láàárín kóró funfun ní ọdún náà gan-an, láìdúró de èyí tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́bú àgbàdo pupa ló balẹ̀ sórí irun àwọn kóró yẹn, àwọ̀ oúnjẹ ọmọ inú wọn sì tẹ̀ lé ti baba.

Ní ti ìbẹ́pẹ, igi ni a ń yàn. Akọ ìbẹ́pẹ máa ń sọ òdòdó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sórí ọ̀pá gígùn tó rọ̀ wálẹ̀. Abo máa ń gbé òdòdó ńlá rẹ̀ mọ́ ìtì, kò sì jìnnà sí i. Ẹ̀kẹta ní akọ àti abo nínú òdòdó kan náà, òun ló sì sábà máa ń so ìbẹ́pẹ tó gùn gbọọrọ. Kò sí bí a ṣe lè fi ojú mọ èyí tí ọ̀gọ̀mọ̀ ìbẹ́pẹ jẹ́ kó tó tanná. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹ gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú kan, kí ẹ dúró títí wọn yóò fi yọ òdòdó, kí ẹ wá fa àwọn tí ẹ kò fẹ́ tu. Kí ẹ má ṣe gé gbogbo akọ dànù tán bí abo bá wà lóko, nítorí ọ̀kan nínú wọn lè tó fún bí abo mẹ́wàá.

Ẹ̀pà kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ wa níbi òdòdó, torí pé òdòdó rẹ̀ máa ń fún ara rẹ̀ lóyún, ó sì ń rọ lọ́jọ́ tó là. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rọ, ohun ṣóńṣó kan yóò yọ láti ìdí rẹ̀, yóò kọjú sí ilẹ̀, yóò wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti di ẹ̀pà. Ẹ tú ilẹ̀ náà kó rọ̀, kí ẹ sì wa erùpẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kí àwọn ṣóńṣó yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọlẹ̀ tán, ẹ má ṣe ti ọkọ́ bọ ibẹ̀ mọ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi máa tu koríko.

Iṣu náà ní akọ àti abo, lórí ìtàkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò bìkítà fún òdòdó rẹ̀ nítorí pé èbù ló ń gbìn. Àwọn tó ń wá irú iṣu tuntun ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ló ń fi ọwọ́ gbé lẹ́bú láti òdòdó kan dé òmíràn, òdòdó náà sì kéré gan-an. Igi igbá tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú kò sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni. Àdán ló ń bá a ṣe tirẹ̀ lóru.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn

Elégédé tí oyin bá ṣe lè ti gba lẹ́bú láti ara elégédé mìíràn tó wà ní àdúgbò. Èyí kò yí adùn elégédé tí ẹ ó jẹ padà, ṣùgbọ́n kóró inú rẹ̀ lè bí ohun tí ẹ kò retí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú tirẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ so òdòdó náà ní ìrọ̀lẹ́, kó tó là: akọ méjì àti abo kan, kí òwú wé ẹnu wọn kí oyin má baà ráyè wọlé. Ní àárọ̀, ẹ tú wọn, ẹ ṣe iṣẹ́ náà bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ sì tún dá òwú padà sẹ́nu abo lójú ẹsẹ̀. Bí ìtàkùn bá ju ọ̀kan lọ, ẹ mú akọ láti orí ìkan lọ fún abo orí èkejì, kí irúgbìn má baà jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí elégédé yìí gbó lórí ìtàkùn títí ọ̀pá rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí èékánná kò sì ní lè ha ara rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ká a, ẹ gbé e sí ibi tútù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó là á, nítorí kóró inú rẹ̀ ṣì ń gbó sí i. Ẹ fọ kóró náà mọ́, ẹ da àwọn tó fúyẹ́ tó ṣófo nù, kí ẹ sì sá ìyókù sórí ẹní lábẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe lójú oòrùn gangan. Nígbà tí ẹ bá tẹ kóró kan tó dún pàá tó sì kán dípò kó ká, ó ti gbẹ tó. Ẹ rọ wọ́n sínú ìgò tó dé dáadáa, kí ẹ lẹ bébà mọ́ ọn lára, kí ẹ sì kọ irú elégédé náà, oṣù tí ẹ ká a àti orúkọ ẹni tó fún yín ní irúgbìn àkọ́kọ́ síbẹ̀.